Àwọn Àlejò Méjì Tí Kò Jẹ Mọ́fìn

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Ìbídàpọ̀ ń po fúláwà lọ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde ni. Ilé ìwé ṣì wà nínú ìsinmi, òjò ti wọ́n ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ díẹ̀ ní ìdájí, ó sì ti dá. Ìbídàpọ̀ ti tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà tí èèpo wọn ti dúdú títí wọ́n fi rọ̀ bí ògì, ó ti rẹ́ ọ̀pẹ òyìnbó sí wẹ́wẹ́, ó ti po ẹyin àti òróró mọ́ ọn, ó wá ń fi ṣíbí onígi da fúláwà pọ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Agolo méjìlá péré ni ófùnù onígáàsì kékeré rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Méjìlá àkọ́kọ́ ti jáde, wọ́n wà lórí tábìlì, orí wọn pọ́n dáadáa, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ṣúgà sì gba pálọ̀ kan.

Mọ́fìn ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́. Láti ogún ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ilé ni àwọn ará àdúgbò ti mọ̀ ọ́n mọ́ kéèkì kéékèèké wọ̀nyí, tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, tí èso ń yọjú nínú wọn. Òfin kan ló sì máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ létí: "Ẹ má pò ó jù, ẹ má sì jẹ́ kó dúró. Páódà tó ń mú un wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti fojú kan omi, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá tètè rí iná, yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán sínú abọ́, ohun tí ẹ óò sì yọ jáde, ajá gan-an kò ní í jẹ ẹ́."

"Ẹ kú ilé o, Tíṣà." Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá.

Raheem ni, àti Fàsásì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oko kòkó Raheem ló bá ti bàbá Ìbídàpọ̀ pààlà ní Okeluse. Bàbá náà, Dominic Olúgbádé, ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe katikíìsì ìjọ Àgùdà ìlú náà kó tó di pé oko nìkan ló kù tó ń lọ. Àwọn àlejò méjèèjì ti dàgbà, ẹrẹ̀ ọ̀nà sì ti ta sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ wọlé. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o," ni Raheem wí. "Àlàáfíà ni."

Wọ́n jókòó sí etí àga, bí ẹni tí àga náà gbóná. Ìbídàpọ̀ to mọ́fìn mẹ́rin sínú àwo, ó bu omi tútù sí ife méjì, ó gbé gbogbo rẹ̀ síwájú wọn. Fàsásì wo mọ́fìn náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí ojú sí ara ògiri. Raheem fi ìka kan ti àwo náà sẹ́yìn jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Omi ńkọ́? Ẹ tiẹ̀ fi omi ra ọ̀fun."

"Omi náà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. À ń lọ ra irin ẹ̀rọ kan nígboro ni Boniface àbúrò yín ní ká yà. Ó ní láti àná lòun ti ń pe fóònù yín, kò lọ. Bàbá ní kí ẹ wá. Ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Ṣé ó le ni?"

"Kò le o. Ẹ ṣáà máa bọ̀." Ilẹ̀ ni Raheem ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n kí i, wọ́n lọ. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù.

Ìbídàpọ̀ dúró sí àárín pálọ̀, ó ń wo àwo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìyá rẹ̀ kú, báyìí náà ni wọ́n ṣe wá. Àgbà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì, láàárọ̀, wọ́n jókòó sí etí àga, wọn kò fẹnu kan omi, wọ́n ní Màmá ní kó wá, ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ní ilẹ̀ wa, a kì í la ikú mọ́ ọmọ lórí. A máa ń fi àìsàn bò ó lójú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e délé. Ẹni tó bá sì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dání kì í lè jẹun nílé ọmọ olóòkú. Ní ọdún náà, Ìbídàpọ̀ kò mọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi sáré jáde. Ó ń bẹ dẹ́rẹ́bà, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń ṣèlérí oríṣiríṣi fún Màríà Mímọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ìgbà tó dé ọ̀hún, ìyá rẹ̀ ti wà lábẹ́ aṣọ láti òru, gbogbo ilé sì ń wò ó bó ṣe ń sáré wọlé tòun ti ìrètí lójú. Ìtìjú ìrètí yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ó ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í tan òun bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

"Bàbá ti lọ," ó wí, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ó sunkún. Ó sun ún dáadáa, ó fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà ó wo fúláwà inú abọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ti ń yọ lójú rẹ̀, ó ti ń wú. Èyí kò lè dúró, ó wí nínú ara rẹ̀. Bàbá lè dúró.

Ó bá fi ṣíbí bu ú sínú agolo méjìlá, ó tì í sínú ófùnù. Ìgbà tí ìyẹn jinná, ó tún yan méjìlá mìíràn. Àwọn tí yóò wá kẹ́dùn ní ọ̀sán yóò nílò nǹkan tí wọn yóò fi panu, ó ronú bẹ́ẹ̀. Ó fọ agolo. Ó gbálẹ̀. Ó wẹ̀, ó ṣí àpótí, ó yọ aṣọ dúdú tó wọ̀ nígbà ikú ìyá rẹ̀, ó rí i pé ọrùn rẹ̀ ti tú, ó jókòó, ó rán an. Iná kò sí, fóònù rẹ̀ ti kú láti àná, ṣùgbọ́n Firdaus tó ń gbé ní yàrá kejì ní fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tó ń bá oníbàárà rẹ̀ jiyàn lórí fóònù náà. Kò lọ yá a. Kí ni yóò fi ṣe? Ohun tí òun ti mọ̀ ni wọn yóò tún sọ fún òun.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ló jáde síta pẹ̀lú kúlà mọ́fìn lọ́wọ́. Lateef, ọmọ ìgboro kan tó fi mọ́tò Góòfù rẹ̀ ń ná ọ̀nà Ìfọ́n àti Okeluse, ló gbé e. Ìbídàpọ̀ san owó gbogbo ìjókòó kí wọ́n má baà dúró de èrò. Lateef rí aṣọ dúdú, ó dín rédíò kù.

"Ẹ kú àmúmọ́ra, mà. Ta ló ṣaláìsí?"

"Bàbá mi ni."

"Ah. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Mọ́tò náà sáré bí ẹni pé titun ni. Kò kọsẹ̀, kò tutọ́, kò dúró níbì kankan. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n dé iwájú ilé ní Okeluse.

Kò sí èrò. Kò sí àga níta. Nǹkan àkọ́kọ́ tó ṣe é ní kàyéfì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹkún láti inú ilé, ẹkún tútù, ẹkún ẹni tí kò tíì gbà gbọ́. Àbẹ̀ẹ́bí ni, obìnrin tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ìbídàpọ̀ wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

Ọwọ́ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Kò tíì pé wákàtí kan," ni Àbẹ̀ẹ́bí ń sọ, "kò tíì pé wákàtí kan rárá. Ìbídàpọ̀, ó dúró dè ọ́ o."

Boniface, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, dúró sí ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí! Láti àárọ̀! Raheem pè mí pé òun ti jíṣẹ́ fún yín, aago mẹ́jọ kò tíì lù! Níbo lẹ wà?"

Ẹnu Ìbídàpọ̀ là kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. "Mọ́tò ni," ó wí. "Mọ́tò ló dúró sí wa lọ́nà Ìfọ́n."

Lateef ń gbé kúlà mọ́fìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Boniface kọjú sí i.

"Ìwọ! Àkísà mọ́tò rẹ ló jẹ́ kí bàbá mi kú láì fojú kan ọmọ rẹ̀! Ṣé irin lò ń wà ni àbí pósí?"

Lateef wo Ìbídàpọ̀. Ìbídàpọ̀ wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà rọra gbé kúlà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó wí. "Ẹ má bínú." Ó yí padà, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídàpọ̀ ti ń ṣírò. Bó bá jẹ́ pé ó jáde ní aago mẹ́jọ, yóò dé ní aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni òun àti bàbá rẹ̀ ì bá ní. Bí ó bá tiẹ̀ yan méjìlá yẹn, tó sì fi ìyókù sílẹ̀, wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí kò bá rán ọrùn aṣọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń kà ní ìdí ìlẹ̀kẹ̀ rosárì rẹ̀ dípò àdúrà. Èyí tó sì dùn ún jù ni ohun tó sọ nínú mọ́tò. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ ní òkú nígbà tí bàbá náà ṣì ń mí, tó ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lójú títì, tó ń retí.

Àwọn àlejò méjì náà ló kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù nínú ọkàn rẹ̀. Àwọn ló tàn mí, ó ń sọ fún ara rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ṣe bí ẹni tó gbé òkú bọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sìnkú, Raheem wá bá a lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, ó ṣí fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

"Tíṣà, nǹkan kan ń dùn mí. Oúnjẹ yín tí a kò jẹ lọ́jọ́ yẹn. Ààwẹ̀ la gbà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni, ó ti fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ààwẹ̀ nọ́fílà tí kì í ṣe dandan sì nìyẹn, wọ́n ní kéèyàn má máa polongo rẹ̀ kó má baà di ṣekárími. Òórùn mọ́fìn náà fẹ́ pa Fàsásì, àfi ìgbà tó kọjú sí ògiri."



"Bàbá yín fúnra wọn dẹ̀ ní kí n jíṣẹ́ náà o," ni Raheem ń bá a lọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A bá wọn ní ìjókòó ní ìdájí yẹn, wọ́n ń mu ògì, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ebi á pa mí dé Ọ̀wọ̀. Ta ló mọ̀ pé ọ̀sán ọjọ́ náà ni?"

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣe. Ó kí i pé ó kú ìrọ́jú, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ bá àwọn tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Ìbídàpọ̀ di igi ọsàn náà mú. Kò tún rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi mọ́ àfi ara rẹ̀.

Wọ́n sin Bàbá Katikíìsì. Wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Ìbídàpọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀, ilé ìwé sì wọlé. Kò yan nǹkan kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà lórí tábìlì rẹ̀, eṣinṣin bò ó, ó kó o dà nù.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Máàsì, Lateef wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò gbà láti jókòó.

"Mi ò wá bá yín jà o, mà. Ìyàwó mi ló ní kí n wá béèrè. Mọ́tò wo gan-an ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn? Tèmi yìí?"

"Lateef..."

"Torí ìyàwó mi ti ń wò mí bí ẹni tó fi ìkòkò ṣe injíìnì. Lánàá, mo wà ní gáréèjì Okeluse láti ìdájí. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó dáadáa, ó gbé ẹrù ka itan. Ó ní, 'Ìwọ ta nìyẹn?' Mo ní, 'Lateef.' Ó ní, 'Dúró-sọ́nà?' Ló bá sọ̀ kalẹ̀! Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn. Àwọn ọmọdé gan-an ti ń kọ ọ́ lórin."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó wá rọ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi nínú mọ́tò pé Bàbá ti kú. Mo dé ọ̀hún, mo gbọ́ pé wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n kú. Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ó yé mi, mà. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọhùn. Mo ní ọ̀fọ̀ ló ṣe yín, ẹ ó fúnra yín tún un sọ. Ṣùgbọ́n oṣù kan ń lọ."

Ìbídàpọ̀ wo ọkùnrin náà. Lateef ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó ti gbé ẹ̀bi òun rìn láàárín ìlú, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì já a sílẹ̀. Ìtìjú bò ó ju ti ọjọ́ tó sáré wọlé bá òkú ìyá rẹ̀ lọ. Ìtìjú ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n tàn ni. Ti báyìí, òun ló tan ènìyàn.

"Wá gbé mi lọ́jọ́ Ẹtì," ó wí. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Máàsì ọgbọ̀n ọjọ́ Bàbá."

"Sí Okeluse? Mà, àbúrò yín á sọ òkò lu gíláàsì mi."

"Ìwọ ni wàá gbé mi."

Boniface wà níwájú ilé nígbà tí wọ́n dé, òun àti Àbẹ̀ẹ́bí, wọ́n ń sá kòkó ìkẹyìn bàbá wọn sórí ẹní. Boniface nà dìde.

"Àǹtí! Gbogbo mọ́tò tó wà ní Ọ̀wọ̀, Dúró-sọ́nà lẹ rí wọ̀? Ẹ tiẹ̀ délé! Ọlọ́run ṣeun."

"Boniface, pa ẹnu mọ́. Mọ́tò yìí kò bàjẹ́."

"Tòní ńkọ́. Ẹ dúpẹ́."

"Ti ọjọ́ náà náà. Kò bàjẹ́. Kò dúró níbì kankan."

Ó ti ń rò ó ní gbogbo ọ̀nà bí òun yóò ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò ti fọ́nká. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n jíṣẹ́ fún òun kí aago mẹ́jọ tó lù. Wọn kò jẹ, wọn kò mu. Òun rò pé Bàbá ti kú láti òru, pé àṣírí ni wọ́n ń bò. Òun kò fẹ́ sáré mọ́. Òun dúró, òun yan gbogbo fúláwà tán, òun fọ agolo, òun rán aṣọ. Fóònù wà lẹ́yìn ògiri, òun kò yá a. Lẹ́yìn náà òun purọ́ mọ́ ọkùnrin yìí.

Boniface wo ọwọ́ ara rẹ̀. Erùpẹ̀ kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ń yan kéèkì," ó wí nígbẹ̀yìn.

"Mò ń yan kéèkì."

"Bàbá ń pè yín, ẹ ń yan kéèkì."

  Boniface wo Lateef tó gbá àpò fúláwà tí Ìbídàpọ̀ gbé wá mọ́ àyà bí ọmọ. Ó lọ gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé, kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Lateef ní òun yóò lọ sùn lọ́dọ̀ Raheem.

Àbẹ̀ẹ́bí ti padà jókòó sídìí kòkó, ó ń ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Ìbídàpọ̀ jókòó tì í.

"Màmá, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà," ni àgbà obìnrin náà wí, kò gbójú sókè. "Aṣọ dúdú lo wọ̀ wọlé. Ta ní í wọ aṣọ dúdú wá wo aláìsàn?"

"Kí ló dé tí ẹ ò fi bi mí?"

"Mo ní bó bá fẹ́ sọ, á sọ. Mo sì bínú sí ọ. Mi ò ní tàn ọ́, ọmọ mi, mo bínú púpọ̀."

"Ṣé ó pè mí gan-an?"

"Ó pè ọ́. Títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá. Gbogbo ọ̀kadà tó bá kọjá, á ní, 'Ìbí nìyẹn.' Mo ní, 'Òun kọ́.' Lẹ́yìn náà ó sùn, kò sì jí."

 "Kí ló fẹ́ sọ fún mi?"

Àbẹ̀ẹ́bí ronú sí i. "Kò sọ. Bóyá kò sí nǹkan kan. Bàbá rẹ kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn fẹ́ rí ọ ni." Ó na ọwọ́, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórí itan Ìbídàpọ̀ bí ẹni ń gbọn ti ọmọ kékeré. "Ìwọ náà ṣa kòkó. Má jókòó lásán."

Wọ́n ṣa kòkó náà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ibi tí yóò ti yan mọ́fìn tí àwọn olùjọsìn yóò fi panu lẹ́yìn Máàsì. Kò sí ófùnù nínú ilé náà. Ó da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, ó gbé e ka iná igi, ó to agolo sórí iyanrìn náà, ó dé e, ó kó ẹyin iná lé ìdérí. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n lórí igi lẹ́yìn ilé àti ọsàn ló fi pò ó. Àwọn àkọ́kọ́ jóná nídìí. Ó ń bu ìkejì lọ́wọ́ nígbà tí igi lílà dún gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Boniface ló jù ú sílẹ̀.

"Ó tó àbí kò tó?"

"Ó tó."

Ó lọ. Ohun tó bá a sọ ní àárọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe Máàsì. Àwọn èèyàn wá sílé, wọ́n jẹ, wọ́n mu tíì, wọ́n kí Àbẹ̀ẹ́bí. Ìbídàpọ̀ kó ogún mọ́fìn tó kù sínú tíréè, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó gbé e, ó gba ọ̀nà gáréèjì.

Góòfù Lateef wà lórí ìlà, òfìfo. Àwọn mọ́tò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ́ kún. Dẹ́rẹ́bà kan rí i tó ń bọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Dúró-sọ́nà, oríire! Èrò kan ti ń bọ̀, ó tiẹ̀ gbé oúnjẹ dání, ó mọ̀ pé ẹ ó sùn lọ́nà!"

Ẹ̀rín ta. Ìbídàpọ̀ dúró síwájú mọ́tò náà.  Ogún ọdún ló ti ń dúró níwájú kíláàsì, ṣùgbọ́n kò ṣe irú èyí rí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi," ó wí. "Ọmọ Bàbá Katikíìsì tó kú lóṣù tó kọjá ni mí. Èmi ni mo sọ pé mọ́tò yìí bàjẹ́ tí n kò fi bá bàbá mi láyé. Irọ́ ni. Mọ́tò náà kò bàjẹ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pẹ́."

 Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpò gààrí mi orí síwá sẹ́yìn.

"Ìwọ, tíṣà?"

"Èmi, tíṣà, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn. Ìbídàpọ̀ kò yí ojú padà láti mọ ẹni náà. Ó gbà á pé ẹ̀tọ́ òun ni. Ìyá àgbàlagbà náà dìde, ó wọ́ àpò gààrí rẹ̀ lọ sídìí Góòfù. "Lateef, ṣí búùtù. Mo ti pẹ́ jù, Ìfọ́n ni mò ń lọ."

Lateef ṣí i. Ó fi àkísà nu ìjókòó iwájú lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá náà tó jókòó. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kejì, ó bọ́ sí tirẹ̀. Ọkùnrin méjì tẹ̀ lé e.

Ìbídàpọ̀ ṣí aṣọ funfun lórí tíréè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti fèrèsé mọ́tò kan dé òmíràn. Ó fún dẹ́rẹ́bà tó fi Lateef ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún àwọn tó ń dúró lábẹ́ igi. "Sàráà ni," ló ń sọ. "Ẹ bá mi jẹ ẹ́." Nígbà tó kan Góòfù, obìnrin tó pọn ọmọ gba tirẹ̀, ó mú un sí ọwọ́, kò tíì jẹ ẹ́.

"Ta la ń ṣe sàráà náà fún, mà? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí n lè fi ṣàdúrà."

"Dominic Olúgbádé," ni Ìbídàpọ̀ wí.

Obìnrin náà pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, ó bu mọ́fìn náà sí méjì, ó na ìdajì sẹ́yìn sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ìdajì yòókù sẹ́nu.